Wíkẹ́ńdì wa ní Ganvié àti Wídà, pẹ̀lú ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ létí òkun (ẹ bá wa dá sí i)

Àdùkẹ́_Calavi

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Fún àwọn tí ò mọ̀ mí, Faransé ni mò ń kà ní yunifásítì nílé, wọ́n wá kó wa wá sí Bẹ̀nẹ̀ fún year abroad, Abomey-Calavi la wà, ẹ̀gbẹ́ Kútọnu níbẹ̀. Láti ìgbà tá a ti dé, kíláàsì àti ilé, ilé àti kíláàsì ni. Wíkẹ́ńdì tó kọjá yìí la ní ó tó gẹ́ẹ́, a máa jáde. Àwa mẹ́fà: èmi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan, ọmọ Ẹ̀gbá kan (ẹ fojú sí eléyìí lára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀), ọmọ Íbò méjì tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ju àbúrò mi lọ, àti ọmọ Kàdúná kan tí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí oúnjẹ bá dé.

Sátidé la lọ Ganvié, ìlú orí omi tó wà lórí ọ̀sà Nokoué. Kẹ̀kẹ́nọ̀, àwọn ọlọ́kadà aláṣọ yẹ́lò yẹn, ló gbé wa dé etí omi ní Calavi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó gáìdì lọ́tọ̀, ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì sì wọ́n ju èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì lọ. A ná an títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ní Faransé o, ọmọ Kàdúná tẹ́ ẹ rí yẹn ló kàn la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tówó já wálẹ̀, ẹnu ya gbogbo wa.

Ilé gbogbo ló dúró lórí òpó igi nínú omi. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé, gbogbo ẹ̀. Èèyàn tó lé ní 20,000 ló ń gbé ibẹ̀. Mo rí ọmọ kékeré kan, ká ní ọmọ ọdún márùn-ún, tó ń fi ọwọ́ kan tukọ̀ tó ń fi ọwọ́ kejì jẹ búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ibi tí mo tẹjú mọ́ jù ni ibi ẹ̀rọ omi. Omi ló yí wọn ká lóòótọ́, kì í ṣe omi mímu, wọ́n wá gbẹ́ borehole kan, àwọn obìnrin sì tò síbẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kún fún kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò. Tó bá kan ìyá kan, á sún ọkọ̀ rẹ̀ síwájú, á ki ẹnu rọ́bà bọ kẹ́ẹ̀gì, bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń kún ni ọkọ̀ ń rì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí omi ọ̀sà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí ọkọ̀ dọ́gba, ẹ̀rù bà mí pé ó máa dà nù, ìyá náà kàn mú àjẹ̀ rẹ̀ ó tukọ̀ lọ, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Gáìdì ní àwọn Tofinu ló sá wọ inú omi láyé ọjọ́un nígbà táwọn ọmọ ogun Dàhòmì, ìjọba àwọn Fọ̀n, ń kó èèyàn tà, pé ẹ̀sìn àwọn Fọ̀n ò gbà wọ́n láyè kí wọ́n jagun wọ inú omi. Bí wọ́n ṣe bọ́ nìyẹn.

Ohun kan ṣá. Bá a ṣe ń yọ fóònù ni àwọn ìyá tó ń tajà nínú ọkọ̀ ń fa akẹtẹ̀ wọn bojú. Ọ̀kan tiẹ̀ fi àjẹ̀ fọ́n omi sí wa lára. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?

Sọ́ńdè, Wídà, ìyẹn Ouidah. Tákísí la wọ̀ láti Kútọnu, bíi kìlómítà 40. Ilé òjòlá wà níbẹ̀, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì bàsílíkà gbágbá, títì nìkan ló là wọ́n láàárín. Wọ́n fi òjòlá kọ́ mi lọ́rùn, ara rẹ̀ tutù, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà dúró síta, ó ní kò sí ẹni tó máa gbọ́ pé ejò ló pa òun ní year abroad. Láti Place Chacha, ibi tí wọ́n ti ń ta èèyàn, a fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun, tó kìlómítà mẹ́rin, oòrùn ń pa wá. Ẹ ó dé ibi igi ìgbàgbé, wọ́n ní wọ́n á ní kí ọkùnrin yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ ó dé Zoungbodji níbi tí wọ́n sin àwọn tó kú kí ọkọ̀ òkun tó dé. Lẹ́yìn náà ẹ ó dé Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995, òkun ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ nìjà dé. Gáìdì (ọ̀tọ̀ ni o, kì í ṣe ti Ganvié) bi wá pé níbo la ti wá, a ní Nàìjíríà, ó gbọ́ èdè tá à ń sọ, ó ní "ẹ̀n-ẹ́n, Anagó ni yín" (bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí nìyẹn). Ó ní Anagó pọ̀ gan-an lára àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ọba Dàhòmì ló kó wọn tà fún òyìnbó, òun ò ní purọ́ fún wa nítorí owó. Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ Ẹ̀gbá wa ló fọhùn, ó ní "kì í ṣe Ẹ̀gbá ni wọ́n kó ṣá, ẹ lọ bi àwọn obìnrin ológun yín léèrè 1851" (ọdún tí Ẹ̀gbá lé ogun Dàhòmì ní Abẹ́òkúta). Gáìdì rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ò rẹ́rìn-ín, ó ní ibi tí èèyàn ti ń rántí òkú ni ìwọ ti ń yangàn? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, títí a fi wọ tákísí, títí a fi dé Calavi. Wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń tẹ èyí, yàrá kan náà ni wọ́n sì ń sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn níbí rí, ta ló jàre? Àti pé wíkẹ́ńdì tó ń bọ̀ ńkọ́, Abomey (olú ìlú Dàhòmì àtijọ́) ni àbí Àjàṣẹ́ àbí Kétu? Owó wa ò pọ̀ o.

Bàbá_Ìbejì_Ṣómólú

Ẹ má bínú o ọmọ mi, ẹ gba bọ́dà kọjá, ẹ sanwó ọkọ̀, ẹ sanwó gáìdì, kẹ́ ẹ lè lọ wo ilé orí omi? Third Mainland Bridge ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, Mákòko wà níbẹ̀ kalẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Èéfín ẹja yíyan tó ń ti ibẹ̀ fẹ́ wá pàápàá, ọ̀fẹ́ ni.

Sẹ̀nà_Bàdágìrì

Bàbá Ìbejì ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ̀gùn ni mí, mi ò sì bínú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo Mákòko látorí bíríìjì kò tíì rí Mákòko. Àwọn èèyàn wa ló pọ̀ jù níbẹ̀, apẹja láti Bàdágìrì àti láti Bẹ̀nẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ dó, ẹni tó bá ti Ganvié dé ibẹ̀ lónìí kò ní pẹ́ rí ẹni tí wọ́n jọ gbọ́ra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń fi Ganvié pe àlejò, ìjọba Èkó ń fi kátákátá pe Mákòko.

Àdùkẹ́, ṣé wọ́n fi àkàjà hàn yín? Ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà, ẹ ó ti rí i bí igbó kékeré tó yọrí lórí omi. Ẹja á rí i bí ibi ààbò, á wọ ibẹ̀, á máa jẹ ohun tó ń hù lára igi tó ń jẹrà, á bí síbẹ̀, á sanra. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa igi yẹn tu, wọ́n á kó ẹja. Oko ni, abẹ́ omi ló kàn wà. Ó ní ẹni tó ni ín, wọ́n máa ń jogún rẹ̀, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ máa jà. Ìjọba pẹ̀lú àwọn apẹja ti fa ọ̀rọ̀ yẹn gan-an torí igi tí wọ́n ń gé nígbó àti ẹrẹ̀ tó ń dí ọ̀sà. Tí gáìdì yín ò bá sọ ìyẹn, ó jẹ yín ní gbèsè.

Ní ti fóòtò, ọjà ni wọ́n ń ná o. Ẹni tó ń tà tòmátì láti àárọ̀ tí ọkọ̀ àlejò mẹ́wàá ti na fóònù sí i lójú láìkí i, láìra nǹkan, ẹ̀yin náà ẹ ó bojú. Ẹ kí i, ẹ ra nǹkan, ẹ bi í. Tó bá ní rárá, rárá ni.

Àdùkẹ́_Calavi

@Sẹ̀nà ẹ ṣé gan-an. A rí àkàjà, gáìdì kàn nawọ́ sí i, ó ní wọ́n fi ń pa ẹja, ó kọjá, èmi rò pé ọgbà lásán ni. Àti pé òótọ́ lẹ sọ nípa fóòtò: ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Íbò wa ra búrẹ́dì àti tòmátì lọ́wọ́ ìyá kan, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló ní ká ya òun, ó kọ́kọ́ tún gèlè ṣe, ó tún ní ká fi hàn òun, ó ní kò dáa, ká tún òmíràn yà.

Lomé_Ọjọ́un

Kí n tó dé orí ìjà yín, ìbéèrè kan ni mo ní. Odidi wíkẹ́ńdì yìí, wákàtí mélòó lẹ fi sọ Faransé? Mo rí i pé ẹ ná ọkọ̀ ní Faransé, ẹ sì fi Yorùbá jà. Ẹ sanwó wá síbí kẹ́ ẹ lè jà ní Faransé ni o.

Lomé lèmi ti ṣe tèmi, ní Village du Bénin, ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àlejò ní Faransé. Àwa náà máa ń rìn ní wíkẹ́ńdì, a máa ń lọ Kpalimé lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta, a sì gun òkè Agou tó ga jù ní gbogbo Tógò, mítà 986, ẹsẹ̀ mi ò gbàgbé. Òfin wa ni pé ẹni tó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè abínibí látìgbà tá a bá ti ilé jáde máa ju 100 sẹ́fà sínú ike kan. Ike yẹn la fi ń jẹun alẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí kò lè pa ẹnu mọ́, òun ló bọ́ gbogbo wa ní ọdún yẹn, ẹran la máa ń jẹ, òun á kàn máa wò wá. Lónìí òun ni Faransé rẹ̀ dáa jù nínú wa torí owó dùn ún.

Tísà_Faransé_Ìbàdàn

Lomé_Ọjọ́un ti bá mi sọ ọ́. Mo ti ń kọ́ wọn ní Faransé pẹ́, ohun tí mo máa ń rí ni pé ọmọ tó bá ń rìn ní ẹgbẹ́ mẹ́fà ará ilé kan náà, ìlú ló rí, kò gbọ́ ìlú. Ẹ máa pín ara yín sí méjì méjì. Ẹni méjì á lọ ra oúnjẹ, ẹni méjì á lọ bèèrè ọkọ̀, ẹni méjì á lọ bá àgbàlagbà kan jókòó. Ẹ pàdé lọ́sàn-án. Ẹ ó rí i pé ìtàn tẹ́ ẹ máa mú bọ̀ ò ní jọra.

Àdùkẹ́, ní ti owó: tíkẹ́ẹ̀tì Ganvié, ibi kàǹtà ni kẹ́ ẹ ti gbà á, kẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀. Ẹni tó bá pàdé yín lójú ọ̀nà tó ní òun ni gáìdì, ẹ kí i, ẹ kọjá. Ní ìgbà tèmi ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì fún ọkọ̀ kan náà.

Ní ti ìjà, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ọmọ_Lísàbí

Ẹ bá mi kí ọmọ Ẹ̀gbá yẹn jàre! Kí ló sọ tó burú? Ní 1851 Ghezo ọba Dàhòmì kó ogun wá sí Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ológun rẹ̀ wà níwájú ogun, a lé wọn. Ní 1864 Glele ọmọ rẹ̀ tún wá, a tún lé wọn. Ìtàn ni, mi ò fi kún un. Wọ́n wá gbé ère obìnrin ológun kan kalẹ̀ ní Kútọnu ní 2022, ó ga tó mítà 30, ó rẹwà, mi ò ní jiyàn, èmi gan-an wọ àdìrẹ lọ ya fóòtò níwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bá wa mọ díẹ̀ lára odi Abẹ́òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí àlejò lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe parí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn náà, kó lọ jókòó. Kò fẹ́ fọwọ́ kan òjòlá, ó wá fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ Ẹ̀gbá.

Ìyá_Tòmíwá

Ẹ jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ bèèrè tiẹ̀: nínú gbogbo àlàyé gígùn yìí, ta ló wọ life jacket? Mi ò rí i kà. Ọmọ tèmi náà wà ní Kútọnu báyìí, ó sọ fún mi pé "museum" lòun lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé òjòlá lòun náà lọ kọ́ lọ́rùn.

Àdùkẹ́_Calavi

Màámi, wọ́n fún wa, a wọ̀ ọ́ o! Ó ń rùn, a sì wọ̀ ọ́. Ọmọ yín, mi ò mọ̀ ọ́n, n kò rí nǹkan kan 😂

Ìyá_Àjàṣẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o ẹ̀yin ọmọ. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo wà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà á wọ Ṣẹ̀mẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n á ní Kútọnu làwọn ń lọ. Olú ìlú Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe Kútọnu o, Àjàṣẹ́ ni, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Yorùbá kún ọjà wa, ẹ ò ní pàdánù.

Ẹ wá wo mọ́ṣáláṣí ńlá wa. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti Bràsíìlì padà wá ló mú irú ilé yẹn wá, ẹ ó dúró níwájú ẹ̀ ẹ ó máa wá agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àwọ̀ ara rẹ̀ pọ̀ bí aṣọ ẹlẹ́yẹ. Ẹni tó bá mọ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí l'Ékòó ní 1894 máa rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni. Ẹ wá wo Honmè, ààfin Ọba Toffa. Ẹ wá wo Songhai, oko ìgbàlódé tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ọmọ Nàìjíríà yín náà ni, ìgbẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń fi ṣe gáàsì ìdáná níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń dà nù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun, ẹ bèèrè àmìwò, oúnjẹ àgbàdo onítòmátì, pẹ̀lú adìyẹ, kẹ́ ẹ má jókòó sí ìdí búrẹ́dì.

Ní ti ìjà. Níbí, ọmọ Fọ̀n, ọmọ Gùn, ọmọ Yorùbá la jọ ń fẹ́ra. Ọkọ mi Gùn ni. Tí ìjà ilé bá dé òun á pè mí ní Anagó, èmi náà mọ ohun tí mo máa pè é, lẹ́yìn náà a máa jẹun. Kí àwọn ọmọ méjèèjì yẹn jẹun.

Àkàbà_Ìdẹ̀nà

Ọmọ_Lísàbí, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka tìẹ, ọ̀rọ̀ òjòlá yẹn dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni mí, jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹ̀yin ní Olúmọ. Ẹ ní odi, ẹ ní èèyàn púpọ̀, ẹ tún ní àwọn òyìnbó tó ń fún yín ní ìbọn àti ẹ̀tù. A kí yín. Àwa ní yàrà àti ẹnubodè. Ní 1886 Glele wọ Kétu, wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn tó kù lọ sí Abomey, Kétu dahoro. Ó di ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì tó jẹ lẹ́yìn Glele, kí àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún ìlú tẹ̀ dó. Abomey ni wọ́n bí ìyá tó bí bàbá bàbá mi sí, nínú ìgbèkùn. Kì í fẹ́ kí wọ́n lu ìlù kan báyìí nítòsí òun títí tó fi kú, bàbá mi ló sọ fún mi, kò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Nítorí náà tí ọmọ Ẹ̀gbá bá dúró sí Wídà tó ń ka 1851, ohun tí ọmọ Kétu gbọ́ ni pé "èmi kọ́, ẹ̀yin ni." Òótọ́ sì ni, àwa ni. Àwa, Sábẹ̀ẹ́, àwọn abúlé Ànàgó tí kò ní odi kankan. Ogun tí kò rí yín gbé, ibòmíràn ló yà sí.

Àti pé ká má tan ara wa, ta ni kò tà nígbà yẹn? Ìyálóde Tinúbú tó wá ẹ̀tù àti ìbọn fún Ẹ̀gbá nígbà ogun Dàhòmì, òwò ẹrú wà lára ohun tó fi di olówó. Ogun tí àwa Yorùbá bá ara wa jà lọ́dún gbọọrọ yẹn, àwọn tí wọ́n kó, ibo lẹ rò pé wọ́n lọ? Èkó àti Wídà náà ni.

Mi ò sọ pé kí ọmọ Ẹ̀gbá yẹn má yangàn. Abẹ́òkúta ni kó ti ṣe é, mo máa bá a pàtẹ́wọ́.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Alabama

Mò ń ka èyí láti Mobile, ara mi ń bù máṣọ. Wídà ni wọ́n ti kó àwọn tó wà nínú ọkọ̀ Clotilda ní 1860, ọkọ̀ ẹrú tó kẹ́yìn tí wọ́n mọ̀ tó wọ Amẹ́ríkà, òfin sì ti lòdì sí i tipẹ́tipẹ́ nígbà náà. Wọ́n jó ọkọ̀ náà kí ìjọba má baà mọ̀, ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé àwọn rí àwókù rẹ̀ nínú odò. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ni Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, ọmọ Yorùbá láti apá Bantè, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló kó wọn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ó wà láyé títí di 1935. Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà ní Africatown níbí, a jọ ń lọ sọ́jà kan náà.

Kossola sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn tó wá bá a. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló dárúkọ, ó dárúkọ Dàhòmì. Ṣùgbọ́n ilé ló fẹ́ lọ jù, àwọn tó gbé e dé ibí ò dá a padà, òun àti àwọn ará rẹ̀ ló wá tọ́jú owó ra ilẹ̀ tí wọ́n fi tẹ ìlú wọn dó. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Etí òkun yẹn kì í ṣe ibi ká máa ka góòlù bíi ti bọ́ọ̀lù.

Ọmọ_Lísàbí

Àkàbà_Ìdẹ̀nà, mo gbọ́, mo sì tún un kà. Mi ò ní kó ọ̀rọ̀ 1851 jẹ, àwa la borí, ẹ̀yin náà ò ní kí n kó o jẹ. Ṣùgbọ́n ti "ibòmíràn ló yà sí" yẹn, kò sẹ́ni tó fi kọ́ mi rí nílé ìwé, a máa ń parí ìtàn náà síbi tí wọ́n ti sá lọ. Ti Tinúbú, mo mọ̀ ọ́n, a kì í fẹ́ sọ ọ́ ni. Tí mo bá ń bọ̀ ní Kétu, ta ni màá bi?

Àkàbà_Ìdẹ̀nà

Bi ẹnikẹ́ni ní ìlú, wọ́n á mú ẹ wá sílé wa. Mú ọtí dání.

Bàbá_Ìbejì_Ṣómólú

Mo gbà o, ó ju ilé orí omi lọ. Àdùkẹ́, ìgbà wo lẹ ń lọ sí Kétu?

Àdùkẹ́_Calavi

Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín. Mo gbé fóònù fún àwọn méjèèjì, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ wà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, níbi òjòlá. Ọmọ Ẹ̀gbá ò bẹ̀bẹ̀ o, ẹ mọ̀ wọ́n, ó kàn lọ ra gaàrí àti ẹja díndín wá, ó gbé e sáàárín yàrá. Ìjà ti parí lójú tèmi. Ó ní òun á bá wa lọ Kétu, òun ò sì ní sọ 1851 nígbà tá a bá wà lọ́hùn-ún. A máa wò ó.

Abomey á dúró di oṣù tó ń bọ̀ torí ó jìnnà, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ wo àwọn ààfin yẹn, àwọn ìṣúra ààfin 26 tí Faransé dá padà ní 2021 ni ọmọ Kàdúná ń sọ lójoojúmọ́. Nítorí náà Sátidé a máa lọ Àjàṣẹ́ bá Ìyá_Àjàṣẹ́ (màámi, mo máa fi ìwé ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀), a sùn síbẹ̀, Sọ́ńdè ní ìdájí a kọrí sí Kétu. A ti gbà òfin 100 sẹ́fà, ọmọ Kàdúná ló máa gbé ike torí òun nìkan ni kò ní san.

Àkàbà_Ìdẹ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo la máa gbà, kí sì ni ká mọ̀ kí a tó dé?

Àkàbà_Ìdẹ̀nà

Tákísí wà ní Àjàṣẹ́ tó ń gba Sàkẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀ lọ sí Kétu tààrà. Ẹ wọ̀ ọ́ ní ìdájí, tó bá kún ó ṣí, tí kò bá kún ẹ ó jókòó. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ bèèrè Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ tí mo fi jẹ orúkọ. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ilẹ̀kùn onígi ńlá wà níbẹ̀, ọ̀nà inú rẹ̀ sì yí kọ́rọkọ̀rọ kí ọmọ ogun má baà rí ọ̀nà sáré wọlé tààrà. Ẹ má kàn wọlé, ojúbọ wà nínú rẹ̀, ẹ kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ kí wọ́n fún yín láyè, owó díẹ̀ lẹ máa san. Ẹni tó ṣe irun tó sì wọ aṣọ bó ṣe wù ú, kó bèèrè ohun tí wọn ò fẹ́ níbẹ̀ kó tó sún mọ́ ọn. Tí ẹ bá ní oríire, ẹ máa bá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níta, ti Kétu ò jọ ti ẹnikẹ́ni, UNESCO sì kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àlejò ni wọ́n ń ṣe é, tí kò bá bọ́ sí ọjọ́ yín, kò bọ́ sí i.

Ti òfin 100 sẹ́fà yẹn, mo káàánú yín. Láti Sàkẹ́tẹ́ dé Kétu, awakọ̀, ọlọ́jà, ọlọ́pàá tó máa wo ìwé yín, Yorùbá ni gbogbo wọn máa bá yín sọ. Ike yẹn máa kún kẹ́ ẹ tó rí ẹnubodè. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání pẹ̀lú, tẹ́ ẹ bá yọ 10,000 sẹ́fà sí awakọ̀ ọ̀nà Pobẹ̀, kò ní ṣéńjì, ẹ ó dúró síbẹ̀ di ọ̀sán.